Ọwọ́, ẹnu, àdúrà: ohun tí ìfọkànsìn sí Àánú Ọlọ́run kọ́ mi

Bí ènìyàn bá sọ ìṣòro rẹ̀ fún wa lẹ́yìn Misa, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa ni pé, “Ẹ má mikàn, a ó máa rántí yín nínú àdúrà.” Ọ̀rọ̀ tó dára ni, tọkàntọkàn la sì fi máa ń sọ ọ́. Àmọ́ nínú àkọsílẹ̀ tí Faustina Mímọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ohun tí Jésù bá a sọ, àdúrà kọ́ ló ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́ta ni Olúwa là sílẹ̀ fún un láti máa ṣàánú ọmọnìkejì: iṣẹ́ ọwọ́ ni àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìkejì, àdúrà ni ìkẹta. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo kà á, mo tún un kà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba àdúrà Àánú Ọlọ́run ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ọ̀rọ̀ náà ní ètò, àti pé ọwọ́ ló síwájú.

Abúlé Głogowiec ní orílẹ̀-èdè Póláǹdì ni wọ́n bí Faustina sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1905. Helena Kowalska ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Òun ni ìkẹta nínú ọmọ mẹ́wàá, àwọn òbí rẹ̀ kò ní lọ́wọ́, ìwé tó kà kò sì ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé kó tó wọlé àwọn sísítà ní 1925. Wọ́n fi í sí ilé ìdáná, wọ́n fi í sí ọgbà, nígbà tó yá wọ́n fi í ṣọ́ ẹnu géètì. Ikọ́ àwúgbẹ ló pa á ní ìlú Kraków ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1938, lẹ́ni ọdún 33. Irú obìnrin tí a máa ń rí lẹ́yìn ìkòkò níbi ayẹyẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í bi lórúkọ, òun ni Olúwa fi ọ̀rọ̀ àánú Rẹ̀ rán sí gbogbo ayé. Èyí máa ń múnú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Àwọn tó bá mọ ìfọkànsìn yìí mọ àwòrán rẹ̀. Ní Płock, lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1931, ó rí Jésù nínú aṣọ funfun, ọwọ́ kan gbé sókè láti súre, ọwọ́ kejì kan àyà Rẹ̀, ìtànṣán méjì sì ń tàn jáde láti ibẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun: ẹ̀jẹ̀ àti omi tó tú jáde nígbà tí ọmọ ogun gún Un ní ẹ̀gbẹ́ lórí àgbélébùú. Lábẹ́ àwòrán náà ni a kọ ọ́ sí pé, “Jésù, mo gbẹ́kẹ̀ lé Ọ.” Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 1959 títí di 1978 ni Róòmù fi òté lé títan ìfọkànsìn náà kálẹ̀ ní irú ọ̀nà tí Faustina là sílẹ̀. Ìgbà tó yá, Póòpù John Paul Kejì, ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì bíi tirẹ̀, kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2000, ó sì ya ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Àjíǹde sọ́tọ̀ fún Àánú Ọlọ́run.

Ìtàn kan wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù. Ẹnu géètì ló wà lọ́jọ́ náà, òjò ń rọ̀, òtútù mú, ọ̀dọ́kùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ ti ya, tí kò wọ bàtà, tí kò dé nǹkan kan sórí, wá tọrọ ohun gbígbóná. Sísítà wọ ilé ìdáná lọ, kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ó wá a títí, ó rí ọbẹ̀ díẹ̀, ó gbé e kaná, ó run búrẹ́dì sí i, ó gbé e fún un. Ìgbà tó ń gba abọ́ lọ́wọ́ ẹni náà ló tó mọ̀ pé Olúwa ni, Olúwa sì pòórá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré dé ìparí ìtàn yìí, níbi tí Jésù ti fi ara Rẹ̀ hàn. Èmi, ibi tó ti gbé ọbẹ̀ kaná ni mo máa ń dúró sí. Ẹni tí òtútù ń pa, bí wọ́n bá fún un ní ọbẹ̀ tútù, á gbà á, á sì dúpẹ́. Ẹni tó gbé e kaná ti ro ti ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa àánú láti ìgbà tí mo ti ń ṣèbẹ̀wò, níbi iná yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìfẹ́ Ọlọ́run tí à ń sọ yìí ti wà nílé wa kí n tó gbọ́ orúkọ Faustina. Àwòrán Ọkàn Mímọ́ Jésù ló wà lókè ilẹ̀kùn pálọ̀ ìyá mi: ọkàn tí iná ń jó lórí rẹ̀, tí ẹ̀gún yí ká, tí ojú ọgbẹ́ wà lára rẹ̀, tí àgbélébùú sì dúró lé e. Láàárín 1673 sí 1675 ni Jésù fi Ọkàn yìí han Margaret Mary Alacoque, sísítà ará Faransé, ní ìlú Paray-le-Monial. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti rí gbígba Ara Olúwa ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, fún oṣù mẹ́sàn-án léra wọn. Ìyá mi kì í pa ọjọ́ Ẹtì yẹn jẹ, bí òjò rọ̀, bí oòrùn ràn.

Ní Abẹ́òkúta níbi tí mo ń gbé, Ọkàn Mímọ́ kúrò ní ohun tí a ń gbé kọ́ sára ògiri nìkan. Ní 1895 ni àwọn fádà míṣọ́nnárì ìjọ SMA (Society of African Missions) dá Ọsibítù Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ ní Láńtòrò, Fádà Jean-Marie Coquard ló sì léwájú iṣẹ́ náà. Ọ̀kan lára àwọn ọsibítù tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà ni, ó ṣì ń gbàlejò aláìsàn títí dòní. Ẹ bi àwọn Ẹ̀gbá níbi tí wọ́n ti bí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní “Láńtòrò ni”. Mùsùlùmí á sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà á sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò ó pé àwọn fádà yẹn wo ojú ọgbẹ́ tó wà lára Ọkàn inú àwòrán, wọ́n sì kọ́ ilé tí a ti ń di egbò. Nígbà tí Póòpù Francis kọ lẹ́tà rẹ̀ nípa ìfẹ́ Ọkàn Jésù sí gbogbo ìjọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá fẹ́ san ìfẹ́ padà fún Jésù, ọmọnìkejì rẹ̀ ni kó fi ìfẹ́ náà hàn sí. Mo kà á, mo sì ní lọ́kàn mi pé, Bàbá, Láńtòrò ti ń wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul ni mo ti ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí ẹnu mi ń kà. Àwọn ọmọ yunifásítì ló dá a sílẹ̀ ní Paris ní oṣù kẹrin ọdún 1833, Frédéric Ozanam wà lára wọn, ẹni ogún ọdún ni. Wọ́n máa ń jiyàn nípa ìgbàgbọ́ ní gbangba, àwọn kan sì bi wọ́n pé ìjọ yín ti ṣe bẹbẹ láyé àtijọ́, kí lẹ ń ṣe fún tálákà lónìí? Wọn kò fi ọ̀rọ̀ fèsì. Wọ́n tọ Sísítà Rosalie Rendu lọ, tó mọ ojúlé àwọn aláìní ní àdúgbò Mouffetard bí ẹni mọ ọ̀nà oko, ó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń wọlé tọ ẹni tí kò ní. Títí di òní, méjì méjì la máa ń lọ, ilé ẹni náà la sì ń lọ bá a. Ojú lọ̀rọ̀ wà. A kì í pe aláìní wá sí ọ́fíìsì kó wá to ìlà.

Ilé tó kọ́ mi jù lọ wà ní agbègbè Ìtòkú. Àlhájà kan ni, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ ìjọ wa tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ló sọ fún wa. Owó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti lókè òkun, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń pè é lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ló wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ènìyàn ni kò rí. Àwọn tó ti máa ń kún ilé rẹ̀ nígbà tó ń ta adìrẹ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọlé, ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ Páàdì, kí lẹ wá wá? Ṣé ẹ fẹ́ wá gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín ni?”

Ẹnìkejì mi kúnlẹ̀, ó ní, “Rárá o, Màmá. A wá kí yín ni.”

“Ẹ ti kí mi. Ó tó.”

A tún lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó bú wa. Ó ní a ń wá ẹni tí a ó fi ṣe àṣehàn níwájú Ọlọ́run wa. Ó ní omi tí mo bù fún òun ti pọ̀ jù, ó ní èyí tí mo tún bù kò tó. Nínú iṣẹ́ àánú ti ẹ̀mí méje tí ìjọ fi kọ́ wa láti kékeré, fífi sùúrù fara da ẹni tó ń ṣe wá ní àìdáa wà lára wọn. Mo ti há a sórí látìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì katikísìmù, mo sì lè tò ó tẹ̀ lé ara wọn lójú oorun. Ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Àlhájà ló tó di ohun tí mo ní láti fi ara ṣe, tí mo fi mọ̀ pé ìwúwo rẹ̀ yàtọ̀ sí ti bíbẹ aláìsàn wò. Aláìsàn tó ń súre fún ọ rọrùn láti fẹ́ràn. Ẹni tó ń bú ọ nígbà tí o ń pa ìrọ̀rí rẹ̀ dà, ìfẹ́ tirẹ kò lè gbé e. O ní láti yá ìfẹ́ lọ́dọ̀ Ẹni tí wọ́n tutọ́ sí lójú tí kò dá wọn lóhùn. Àárín wa ni mo ń wí báyìí: àwọn ọjọ́ kan wà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí mo ń ka “Jésù, mo gbẹ́kẹ̀ lé Ọ” sínú kí n tó kanlẹ̀kùn.

Ohun tó yí padà kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Lọ́jọ́ kan, mo wọ bùbá adìrẹ ẹlẹ́kọ lọ. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, “Ta ló ya èyí fún ọ? Ọwọ́ rẹ̀ kò gún.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tọ́ka sí i. Ó fi ibi tí ẹ̀kọ ti fọ́ hàn mí, tí aró fi wọlé síbi tí kò yẹ. Ó sọ bí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya iṣẹ́ náà, iye ìgbà tó yẹ kí a rẹ aṣọ sínú èlú kó tó dúdú dáadáa, àti bí àwọn kan ṣe ń sáré gbé e jáde. Ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà náà ló tó yé mi ohun tí àìsàn yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ń ya adìrẹ tí gbogbo ọjà Ìtòkú mọ̀ kò lè di ife omi mú mọ́, àwa sì dé, a ń bu omi fún un, a ń ṣe é ní jẹ̀lẹ́njẹ̀lẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Ta ni inú kò ní bí?

Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé aṣọ lọ fún un kó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, ìmọ̀ràn rẹ̀ la sì ń bá lọ sọ́jà. Àwa náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí pé Jésù gan-an tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin ará Samáríà létí kànga. Ó jókòó nítorí ó ti rẹ̀ Ẹ́, Ó sì kọ́kọ́ ní kó fún Òun mu kó tó sọ̀rọ̀ omi ìyè. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí aláìní fún òun ní nǹkan kan, agbára ló ń fi hàn, kò tíì fi ìfẹ́ hàn.

A máa ń gba àdúrà aago mẹ́ta lójú ọ̀nà kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá dé, kì í pẹ́ tí àkókò ìrun àsárì fi ń tó. Ọmọ rẹ̀ ló máa ń bá a ṣe àlùwàlá. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ náà lọ sí ilé elégbòogi, Àlhájà ní kí n gbé búútà. Mo da omi sí i lọ́wọ́ bó ṣe ń darí mi, mo fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ti ọ̀tún àkọ́kọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́dọ̀ rí. Àwọn kan bi mí lẹ́yìn náà bóyá ó tọ́ kí ọmọ Kátólíìkì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, fádà máa ń kúnlẹ̀ fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ níwájú gbogbo wa, nítorí Jésù fọ ti àwọn àpọ́sítélì, títí kan ti ẹni tó fẹ́ dà Á. Ẹsẹ̀ Àlhájà kò ju ẹsẹ̀ lọ. Kò sí ẹyọ kan nínú ohun tí mo gbà gbọ́ tó dínkù nítorí pé mo bu omi sí i.

Nípa fífúnni ní nǹkan, ẹni tó là mí lọ́yẹ̀ jù ni ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ awakọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìjàǹbá ọkọ̀ ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kí a tó mọ̀ ọ́n, àwọn kan ti kọ́kọ́ gbé ìrẹsì wá fún un. Wọ́n gbé kámẹ́rà dání, wọ́n ní kó di àpò ìrẹsì náà mú, kó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìrẹsì náà tán. Àwòrán náà kò tán. Ó dé ọwọ́ àwọn tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń bá lọ sílé ìwé. Ó ní ọmọ náà kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè. Gbogbo wa máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí gbàdúrà pé kí ọwọ́ wa wà lókè. Ó yẹ kí a máa rántí pé ọwọ́ ẹnìkan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti pé ẹni náà ní ojú, ó ní ọmọ, ó ní àna.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í ka orúkọ àwọn tí a ń ràn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a kì í sì í ya wọ́n ní fọ́tò. Tó bá jẹ́ oúnjẹ la gbé dání, alẹ́ la máa ń gbé e lọ, nínú báàgì tí kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti ọjà bọ̀. Ká tó gbé ohunkóhun, a máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀gbẹ́ni yìí, nígbà tí a béèrè, ìrẹsì kọ́ ló dárúkọ. Ó ní òun kọ́ṣẹ́ bàtà títún ṣe nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àti pé bí òun bá rí irinṣẹ́, òun á lè jókòó ṣiṣẹ́. Ó gba àsìkò kí ẹgbẹ́ tó rí owó náà kó jọ. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí lẹ́bàá ọ̀nà, bàtà mi ń lọ síbẹ̀, owó tó bá pè ni mo sì ń san.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìkejì, ó sì nira ju bí a ti rò lọ, pàápàá fún àwa tí Ọlọ́run fi èdè tó dùn jíǹkí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Mo ti wà nílé tí ọmọ ti kú, mo sì ti gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn rere ń sọ. “Ẹni tó fúnni ló gbà á.” “Dákẹ́, wàá tún bí òmíràn.” “Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ ju bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.” Mo wo ojú ìyá ọmọ náà bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe ń bọ́ lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Sísítà àgbàlagbà kan wọlé lẹ́yìn wọn, ó jókòó tì í lórí ẹní, ó ní “Ẹ pẹ̀lẹ́,” kò sì sọ nǹkan míì. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó fọ abọ́ tó ti kún ilẹ̀, ó gbálẹ̀, ó padà wá jókòó. Kí ó tó lọ, ó béèrè pé, “Kí ni ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín?” ó sì pe orúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nílẹ̀ wa a máa ń sá fún orúkọ ọmọ tó kú. A rò pé à ń dáàbò bo ìyá rẹ̀ ni. Èmi kò sọ pé gbogbo ìyá ló fẹ́ gbọ́ ọ. A ní láti wo ojú. Àmọ́ ẹ wo Jésù ní Bẹ́tánì. Ó mọ̀ pé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i Òun yóò pe Lásárù jáde nínú ibojì. Ẹni tí ojútùú wà lọ́wọ́ Rẹ̀ nìyẹn, síbẹ̀ Ó kọ́kọ́ sunkún. Kò sọ fún Màríà pé kó dákẹ́ nítorí ohun tí Òun fẹ́ ṣe ti tó. Àwa tí a kò ní agbára àtijí òkú dìde, kí ló ń kán wa lójú tí a fi máa ń sáré débi ìtùnú?

Ó wá kan àdúrà. Mo ti ń sọ pé òun ló gbẹ̀yìn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ló kéré jù. Ohun tí Faustina kọ ni pé níbi tí ọwọ́ kò bá lè dé, tí ọ̀rọ̀ kò sì lè dé, àdúrà máa ń dé ibẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ní ìlú òkèèrè, ẹni tó ti bínú tí kò fẹ́ rí ojú wa sójú, ẹni tó ti kú: kí la ó ṣe fún wọn? Ohun tó ń sọ àdúrà di ti ọ̀lẹ ni pé a máa ń gbà á fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò ju òpópónà méjì sí tiwa lọ.

Mo mọ màmá kan nínú ẹgbẹ́ Ọkàn Mímọ́ tí àgbà ti dé sí, tí kì í dìde lórí ibùsùn mọ́. Nígbà tí ara ṣì gbé e, kò sí ilé tí kì í dé. Nísinsìnyí a máa ń mú orúkọ àwọn tí à ń bẹ̀ wò lọ fún un, òun nìkan la máa ń kà á létí, òun náà kì í sì í sọ ọ́ síta. Ní aago mẹ́ta, á mú rósárì rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀: “Nítorí ìyà kíkorò tí Ó jẹ, ṣàánú fún wa àti fún gbogbo ayé.” Lórí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi orúkọ kan kún un. Ó ti ní kí n sọ fún Àlhájà pé ẹnìkan tí apá rẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ ń kí i. Mo jíṣẹ́. Àlhájà ní kí n kí i padà, ó sì béèrè ọmọ mélòó ni mama náà bí. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn nípasẹ̀ wa láìríra rí.

Ohun tí a tún ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí ni ti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó pẹ́ kí ojú wa tó là sí wọn, nítorí ibùsùn la máa ń wò tí a bá wọlé. Ọmọ Àlhájà ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Òun ló ń jí lóru, òun ló ń pa pàḿpásì dà, òun ló ń gbọ́ èébú tí àwa ń gbọ́ fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀. Bí àwọn àbúrò rẹ̀ bá pè láti òkè òkun, “Báwo ni Màmá?” ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹnìkejì mi ló bi í lọ́jọ́ kan pé, “Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?” Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun fẹ́ lọ dirun, kí òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí láìsí pé òun ń wo aago.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ ṣe ṣètò pé kí ẹni méjì máa wá jókòó ti Àlhájà ní ọ̀sán Sátidé, kí ọmọ rẹ̀ lè jáde. A ti ń ṣe é ní àwọn ilé míì náà. Ibi tó ti ń ni wá lára ni gbígbé aláìsàn dìde àti yíyí i padà kí ara rẹ̀ má baà bó, nítorí àwa obìnrin tí ọjọ́ orí ti ń lọ la pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́. Nọ́ọ̀sì kan láàárín wa ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi aṣọ ìtẹ̀ gbé ènìyàn láìfi ẹ̀yìn ṣeṣe. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára la ń wá báyìí, mo sì ti bá fádà sọ ọ́ pé kó jẹ́ kí n kéde rẹ̀ lẹ́yìn Misa.